Ìyàwó ilé ni mí, ojú ò tì mí

Ìyàwó ilé ni mí. Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo kọ́. Mo fi ṣiṣẹ́ oṣù ní iléeṣẹ́ kan tó lórúkọ, iṣẹ́ náà sì mọ́ mi lọ́wọ́ dáadáa. Nígbà tí mo lóyún ọmọ wa kejì, èmi àti bàbá àwọn ọmọ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. A gbàdúrà, a ṣírò owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, mo sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi, ọkọ mi ò sì fi túláàsì mú mi. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Mo gbà pé ibi tí Olúwa ní kí n wà nìyí, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀ tọkàntọkàn.

Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn ló mú mi kọ èyí. Wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á ní ó wu àwọn náà láti bímọ kí àwọn sì tọ́ wọn fúnra àwọn, láti tọ́jú ilé, kí ọkọ àwọn máa wálé síbi tó tutù. Nígbà wo ni èyí di ohun tí a ń sọ ní bòókẹ́lẹ́? Ọmọbìnrin tó bá ní òun fẹ́ di ọ̀gá báńkì, àtẹ́wọ́ ni wọ́n á pa fún un. Èyí tó bá ní òun fẹ́ di aya rere àti ìyá tó mọ ọmọ rẹ̀ tọ́, wọ́n á wò ó sókè-sódò, wọ́n á ní, "Ìyẹn náà nìkan?" Ó ń dùn mí fún wọn, torí mo mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe ń rí nínú ara.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù lọ kò wá láti ẹnu àjèjì o. Màámi ló sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún wọn pé mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò pariwo. Wọ́n ká ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé torí kí o lè máa fọ aṣọ ni mo ṣe rán ọ lọ sí yunifásítì?"

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Wọ́n ní àwọn ò bínú. Wọ́n ní, "Bí ọkọ ẹ bá kú ńkọ́? Bó bá yí padà lẹ́yìn ẹ ńkọ́?"

Ọ̀dọ́ ni wọ́n wà nígbà tí bàbá wa kú. Àwa ọmọ ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Wọ́n mọ ohun tí ojú opó ń rí, wọ́n mọ bí ó ṣe ń rí kí obìnrin na ọwọ́ sápò kó má bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn kò sí nínú ayé tó ń fi wá ṣẹ̀sín. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, pẹ̀lú ẹ̀rù. Mi ò sì lè wo ojú opó kí n wá fi "Ọlọ́run á ṣe é" dí i lẹ́nu.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba ibi tí àwọn oníwàásù kì í sábà dé. Kó tó di pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀, èmi àti ọkọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ owó délẹ̀délẹ̀. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé. Èmi náà lè buwọ́ lu ìwé kí n sì gba owó nínú àpò ìfowópamọ́ wa. Ọkọ mi ṣe ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí, orúkọ mi ló fi síbẹ̀ pé kí wọ́n san owó náà fún. Mo ṣì ń san owó ẹgbẹ́ àwọn akáǹtì lọ́dọọdún kí ìwé ẹ̀rí mi má bàa kú. Àwọn kan nínú ìjọ sọ pé ìyẹn fi hàn pé mi ò nígbàgbọ́. Mi ò gbà fún wọn. Pọ́ọ̀lù tó kọ̀wé sí Títù pé kí àwọn àgbà obìnrin kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fẹ́ràn ọkọ àti ọmọ wọn, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ nílé, òun náà ló kọ ọ́ sí Tímótì pé ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó sì burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Ọkùnrin tó bá fẹ́ kí aya òun jókòó sílé, àmọ́ tó ń ṣírò owó ọṣẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí kò jẹ́ kó mọ iye tó ń wọlé, ìdajì Bíbélì ló ń kà. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ fún un.

Nígbà tí mo to gbogbo èyí kalẹ̀ fún Màámi, wọ́n gbọ́ ọ. Wọn ò tíì gbà tán títí di òní, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí ní ìbéèrè opó mọ́.

Ti akọ̀wé kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ wa sínú fọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó bèèrè iṣẹ́ mi, mo sọ fún un. Ó kọ "kò níṣẹ́" síbẹ̀ lójú mi kòrókòró. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó kọ ohun tí mo sọ. Ó ní kò sí àyè fún un nínú ìwé náà.

Lóòótọ́ ni, kò sí àyè fún un. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ àkáǹtì rí mọ ohun tí mò ń wí: ohun tí owó ò bá tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn torí rẹ̀, ìwé ò rí i. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Arthur Pigou, ti sọ ọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé bí ọkùnrin bá fẹ́ obìnrin tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìtọ́jú ilé, owó tí orílẹ̀-èdè ń kà sí tirẹ̀ máa dín kù, torí obìnrin náà kò ní gba owó oṣù mọ́. Ilẹ̀ kan náà ni obìnrin yẹn ń gbá, abọ́ kan náà ló ń fọ̀. Lọ́dún 2018, Àjọ Àgbáyé fún Iṣẹ́ Ṣíṣe gbé ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè 64: wákàtí bílíọ̀nù 16.4 ni àwọn èèyàn ń fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú tí ẹnikẹ́ni ò san owó rẹ̀, lójúmọ́ kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin ló ń ṣe ìdá 76.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí ọmọ mi bá wà lọ́wọ́ àjèjì tí mò ń sanwó fún, iṣẹ́ ni àjèjì náà ń ṣe, wọ́n á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Bó bá wà lọ́wọ́ mi, mi ò níṣẹ́. Mo ti wá rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ náà ni ayé kórìíra. Ohun tí kò yé e ni kí ẹnì kan máa ṣe é láìgbowó, kí inú rẹ̀ sì dùn.

Ọ̀rọ̀ obìnrin oníwà rere inú Òwe 31 ni wọ́n sábà máa ń kà sí wa létí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ Ábígẹ́lì ni mo máa ń padà sí. Ẹ ka 1 Sámúẹ́lì orí 25. Nábálì ọkọ rẹ̀ lówó, ọlọ́kàn líle ni, ó sì fi èébú dá àwọn ìránṣẹ́ Dáfídì padà. Dáfídì kó nǹkan bí 400 ọkùnrin, oníkálukú pẹ̀lú idà, wọ́n ń bọ̀ wá pa gbogbo ọkùnrin ilé náà run kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìránṣẹ́ kan sáré lọ bá Ábígẹ́lì. Ẹ wo ohun tí Bíbélì ní ó kó jáde kíákíá: ìṣù àkàrà 200, ìgò awọ wáìnì 2, àgùntàn 5 tí wọ́n ti sè, òṣùwọ̀n ọkà yíyan 5, ìdì èso àjàrà gbígbẹ 100, àti àkàrà èso ọ̀pọ̀tọ́ 200. Ó dì wọ́n lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó sì jáde lọ pàdé àwọn ológun. Ta ló lè kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ láàárín wákàtí díẹ̀? Obìnrin tó mọ ohun tó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀ ni, tó mọ iye tó kù, tí àwọn ìránṣẹ́ gbọ́kàn lé ju ọ̀gá wọn lọ. Ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ló fi gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹ́nu. Kò sì sọ fún Nábálì kó tó jáde. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn obìnrin pé ìtẹríba ni kí wọ́n dákẹ́ kí ilé máa jó lórí wọn, kó wá ṣàlàyé Ábígẹ́lì fún mi, torí Dáfídì fi ìbùkún fún un, ó sì fi ìbùkún fún ọgbọ́n rẹ̀.

Ti Òwe 31 náà, mo fẹ́ kí àwọn ọkùnrin tún un kà. Ọ̀rọ̀ tí ìyá Ọba Lémúẹ́lì fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ni orí náà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 22 tó sọ̀rọ̀ obìnrin náà tẹ̀ lé lẹ́tà 22 inú èdè Hébérù, láti àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Obìnrin náà ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin, kò dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó wo oko kan, ó rà á. Ó ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀, ó ń tà á. Ẹsẹ tó kẹ́yìn kì í ṣe obìnrin ló ń bá wí rárá: ó ní kí wọ́n fún un nínú èso ọwọ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì yìn ín ní ẹnubodè, níbi tí gbogbo ìlú ti ń gbọ́. Ọkùnrin tó bá fi orí yìí na aya rẹ̀ ní pàṣán, tí kò sì yìn ín rí lójú àwọn èèyàn, kò tíì kà á dé ìparí.

Kí wá ni mò ń ṣe nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni: aṣọ, abọ́, ilẹ̀, oúnjẹ, iṣẹ́ àṣetiléwá, ọmọ tó tọ̀ sórí ibùsùn lóru. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan ni. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì bàbá wọn já, mo jókòó ń rán an. Ọmọ mi ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin nígbà náà, wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó ń wé òwú mọ́ ìka. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, ṣé Jésù máa ń sùn?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn pé Ọlọ́run kì í tòògbé kì í sì í sùn, nítorí ohun tó wà lórí ahọ́n mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo fa Bíbélì, a ṣí Máàkù 4. Ìjì ń jà, omi ń ya wọ inú ọkọ̀, Jésù sì wà ní ìdí ọkọ̀, ó ń sùn lórí ìrọ̀rí. Ọmọ náà ní kí n tún ibi ìrọ̀rí yẹn kà. Mo tún un kà. Ló bá dìde, ó sáré wọ yàrá, ó gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ wá, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó dùbúlẹ̀, ó di ojú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa ṣe ìjì." Mo kúnlẹ̀ tèmi ti ṣẹ́ẹ̀tì, mo ń fẹ́ atẹ́gùn, mo ń mi tábìlì. Ó ṣí ojú, ó nawọ́, ó pariwo pé, "Dákẹ́ jẹ́ẹ́!" Mo dákẹ́. Ó ní kí a tún un ṣe.

A tún un ṣe títí ó fi rẹ̀ mí. Nígbà tí mo padà sídìí bọ́tìnì, ó ní, "Ó rẹ Jésù ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rẹ̀ ẹ́, torí ó ti fi gbogbo ọjọ́ kọ́ àwọn èèyàn, ó sì gbé ara bíi tiwa wọ̀. Ó ní, "Bí ó ṣe ń rẹ yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ nípa bí Ọmọ Ọlọ́run ṣe di èèyàn nìyẹn, lábẹ́ tábìlì. Mi ò pèsè rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè ọmọdé kì í fi àkókò ránṣẹ́ kó tó dé, ó sì lè má padà bọ̀ mọ́ bó bá bá ilé lófìfo. Òfin tí Mósè fi lélẹ̀ nínú Diutarónómì 6 mọ̀ bẹ́ẹ̀: kí o máa sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọmọ rẹ nígbà tí o bá jókòó nínú ilé, nígbà tí o bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí o bá dùbúlẹ̀, nígbà tí o bá dìde. Gbogbo ọjọ́ ló kó síbẹ̀. Èmi fẹ́ wà níbẹ̀.

Obìnrin kan tí mo máa ń rántí nígbà tí ọkàn mi bá fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì ni Susanna Wesley, ìyá John àti Charles Wesley tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí i lọ́dún 1669, ó sì kú lọ́dún 1742. Ìyàwó àlùfáà ni ní Epworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ 19 ló bí, 10 péré ló dàgbà. Wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé torí gbèsè lọ́dún 1705, ilé wọn jóná ráúráú lọ́dún 1709. Nínú gbogbo ìyẹn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ nílé, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tí yóò jókòó ti ọmọ náà nìkan, tí wọn yóò sọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí John ti di olùkọ́ ní Oxford, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó ṣì máa yọ̀ǹda díẹ̀ nínú ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ fún òun.

Àwọn èèyàn bá òun náà wí. Lọ́dún 1712 tí ọkọ rẹ̀ wà ní London, ó ń ka ìwàásù fún àwọn ọmọ àti àwọn ìránṣẹ́ nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n ń wá, wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi lé ní 200. Igbákejì àlùfáà kọ̀wé fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní kó dáwọ́ dúró. Ó fèsì pé bó bá jẹ́ dandan ni, kó má ṣe gbà òun nímọ̀ràn, kó pàṣẹ fún òun ní kedere, kí òun lè rí ohun wí nígbà tí àwọn méjèèjì bá dúró níwájú ìtẹ́ ìdájọ́ Kristi. Ọ̀wọ̀ wà nínú èsì yẹn, ẹ̀rù èèyàn kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ètò ìrọ̀lẹ́ yẹn ni èmi náà mú wọ ilé wa, àwọn ọmọ mi kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ ta ló kàn.

Ó máa ń rẹ̀ mí o. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń gbá ilẹ̀ tí mo gbá láàárọ̀, tí mi ò tíì bá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ayé kọ́ ló máa ń wúwo lọ́kàn mi, àìrí ni: pé kò sí ẹnì kankan tó rí ohun tí mo ṣe. Ibẹ̀ ni Mátíù 6 ti máa ń gbà mí. Jésù ní Baba wa ń ríran ní ìkọ̀kọ̀. Àdúrà àti àánú ló ń sọ níbẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí ni mò ń ṣe lórí ibùsùn ọmọ tó ń ṣe èébì ní aago méjì òru bí kò ṣe àdúrà àti àánú?

Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni iṣẹ́ ọ́fíìsì. Lìdíà ń ta aṣọ elésèé àlùkò, ilé rẹ̀ sì ni àwọn ará ti ń pàdé ní Fílípì. Pírísílà ń pa àgọ́ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ kọ́ Àpólò, ìjọ sì wà nínú ilé wọn. Màámi ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí a lè jẹun, ìyá rere ni wọ́n. Obìnrin tí owó ọkọ rẹ̀ ò tó, tàbí tí kò lọ́kọ, kò gbọ́dọ̀ ka ohun tí mo kọ yìí kó wá sunkún. Kò sí obìnrin tí mo mọ̀ nínú wọn tí kì í ṣe ilé ló ń kọ́ lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Ẹni tó kọ́ mi ní àlejò gbígbà ò tiẹ̀ lọ́kọ. Arábìnrin kan ni nínú ìjọ wa, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, yàrá kan ló ń gbé. Nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, ibẹ̀ ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń lọ lẹ́yìn ìsìn. Kò sí àga tó tó wa, a máa ń jókòó sílẹ̀ àti sórí ibùsùn. Ó máa ń rántí ìdánwò tí oníkálukú ní lọ́sẹ̀ náà, á bi wá bó ṣe lọ. Ó mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó mọ ẹni tí kò tíì san owó iléèwé, ó sì máa ń bá wọn gbàdúrà lórúkọ-lórúkọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí mo fẹ́ kí ilé mi jọ. Ó ṣì ń ṣe é títí di ìsinsìnyí, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, nínú yàrá kan náà. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò bèèrè pé ìyẹn náà nìkan. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni kí n wá bá ẹ dì ọmọ mú, kí o rí oorun sùn?"